Ikùn ológbò mi ń wú: ṣé oyún ni?

Ìyá Ìbejì, Lugbe: Ẹ kú ilé o. Ológbò wa obìnrin, kò ju ọdún kan lọ, ikùn rẹ̀ ń wú lójoojúmọ́. Àwọn ará kọ́ńpáùndì ní oyún ni, kí n máa retí ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e láàárọ̀, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń gún mi lọ́wọ́. Orí ẹja tó máa ń jà sí, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú kúrò. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ràṣídì, Lugbe: Aràn ni. Ẹ ra oògùn aràn ọmọdé ní kẹ́mísì, kí ẹ fún un ní ìdajì.

Dókítà Ẹran, Zaria: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í fojú bu oògùn fún ológbò. Paracetamol pàápàá, májèlé ni fún wọn. Lóòótọ́, aràn máa ń mú ikùn ọmọ ológbò yọ, ṣùgbọ́n èyí ti dàgbà, ó sì ń rù.

Ìyá Ìbejì, oyún ológbò kò ju bí oṣù méjì lọ. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí ọmú á ti pọ́n, á sì yọ síta, aboyún a sì máa jẹun dáadáa. Tí ikùn bá ń tóbi tí ẹ̀yìn ń gbẹ, ẹ fura sí omi nínú ikùn. Ó lè wá láti ọkàn, láti ẹ̀dọ̀, tàbí láti àrùn fáírọ́ọ̀sì ológbò tí à ń pè ní FIP, tó máa ń mú àwọn tí kò tíì pé ọdún méjì jù. Ilé ọmọ tó kún fún ọyún, bíi ti egbò, náà wà ńbẹ̀, fún èyí tí wọn ò tíì ṣiṣẹ́ abẹ fún kó má bàa bímọ. Nígbà míì nǹkan olóòórùn á máa jáde lábẹ́ rẹ̀. Tí kò bá jáde rárá, ìyẹn gan-an ló léwu jù.

Ẹ ká ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ wò ó bóyá èrìgì ṣì pọ́n. Tó bá sinmi, ẹ ka iye ìgbà tó mí láàárín ìṣẹ́jú kan; kò yẹ kó ju 30 lọ. Ẹ má tẹ ikùn o.

Ìyá Ìbejì: Èrìgì ti funfun, Dókítà. Mo kà á dé 44, ó kàn lúgọ sábẹ́ àga, kò fẹ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ṣé ó lè dúró di ọjọ́ Ajé? Owó ilé ìwé ló wà lọ́wọ́ bàbá wọn.

Dókítà Ẹran: Rárá o, òní ni. Ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì Àbújá wà ní Gwagwalada. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n. Tí ẹ bá rí èyí tó súnmọ́ yín ju ìyẹn lọ, ẹ gba ibẹ̀ lọ. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ wò, kí wọ́n sì ṣe scan. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Àǹtí Ṣadé, Gwarinpa: Apẹ̀rẹ̀ tí atẹ́gùn ń wọ̀ ni kí ẹ gbé e sí, ẹ má fi àpò Ghana-must-go gbé e nínú oòrùn yìí. Ẹ má sì fi tipátipá fún un lóúnjẹ lọ́nà. Ẹni tó bá ní akọ, tó ń tiraka láti tọ̀ tí ìtọ̀ ò jáde, kò gbọdọ̀ sun oorun ọjọ́ yẹn láì rí dókítà.

Bàbá Ràṣídì: Mo ti gbọ́, Dókítà. Ìyá Ìbejì, ọmọ mi máa ń wakọ̀ lójú ọ̀nà Gwagwalada, ó wà nílé báyìí. Ẹ fi àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kó wá gbé yín.