Kí ló kan ọpọlọ nínú nǹkan oṣù tó dúró? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù karùn-ún rèé tí mi ò rí nǹkan oṣù mi, mo ṣe tẹ́ẹ̀sì oyún lẹ́ẹ̀mẹta kò sóyún, ṣùgbọ́n wàrà ń jáde lọ́mú mi, èmi tí mo ti já ọmọ mi lẹ́nu ọmú láti 2021! Ìyá ọkọ mi ti ń sọ̀rọ̀ ayé, mo kàn dákẹ́ ni. Dókítà ní kí n ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀, prolactin, èròjà ara tó ń mú wàrà wá sọ́mú, ló ga, ó ní nǹkan kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ, pituitary, ló ń tú u jáde, tó bá ti pọ̀jù kò ní jẹ́ kí ọpọlọ tú GnRH, èròjà tí ọpọlọ fi ń rán pituitary níṣẹ́, sílẹ̀ dáadáa mọ́, FSH àti LH, àwọn èròjà tó ń mú ẹyin obìnrin gbó kó sì jáde, náà á wá lọ sílẹ̀, ẹyin ò ní gbó, kò ní jáde, nǹkan oṣù á sì dúró. Ìyẹn yé mi díẹ̀. Wọ́n wá kọ cabergoline, oògùn tó ń mú prolactin wálẹ̀, fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n tún ní kí n lọ ṣe MRI orí, ìyẹn yíya àwòrán inú orí. Orí kẹ̀, orí tí ò fọ́ mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo oògùn yìí, ṣé òòyì kọ́ yín bíi tèmi, ó tó ìgbà wo kí nǹkan oṣù yín tó padà? Mo tún ń lo metoclopramide fún èébì tẹ́lẹ̀, dókítà ò béèrè, èmi náà ò rántí sọ, àbí oògùn èébì yẹn ló fà á?