Ṣé mo lè da àgbàdo sílẹ̀ fún àgbọ̀nrín ní Minnesota?

Káyọ̀dé, Houston: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ àǹtí mi ní kí n wá bá àwọn ṣọdẹ àgbọ̀nrín ní Minnesota lóṣù kọkànlá. Ní Texas níbí, orí ilẹ̀ onílẹ̀ tó gbà wá láyè la máa ń da àgbàdo sí, a ó wá jókòó dè wọ́n. Ṣé kí n ra àpò méjì dání?

Bàbá Ìbejì, Brooklyn Park: Àbúrò, fi àgbàdo rẹ sílẹ̀ ní Houston jàre! Láti 1991 ni wọ́n ti fòfin de fífi oúnjẹ dẹ àgbọ̀nrín níbí, ì báà jẹ́ lórí ilẹ̀ tìrẹ. Àgbàdo, ápù, kárọ́ọ̀tì, koríko gbígbẹ, kò sí èyí tí wọ́n yọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló dà á síbẹ̀, tí o sì mọ̀, má jókòó tì í. Kódà tí wọ́n bá ṣa gbogbo rẹ̀ kúrò, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ 10 kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣọdẹ níbẹ̀. Kó o tó gorí igi, rìn yí ibẹ̀ ká, wo ilẹ̀ dáadáa. Tó o bá rí hóró àgbàdo nínú ewé, tí pátákò sì ti tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ pa, yáa wá ibòmíràn lọ. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó bá ká ọ mọ́bẹ̀ lè gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ.

Káyọ̀dé: Háà! Ẹ̀gbẹ́ oko àgbàdo mà ni wọ́n ní a máa jókòó sí o.

Bàbá Ìbejì: Ìyẹn ò burú. Èyí tó já bọ́ nígbà ìkórè kì í ṣe ìdẹ. Ẹni tó bá gbé òmíràn wá dà kún un ló rúfin. Iyọ̀ lásán ò sí lára ìdẹ, àmọ́ àwọn kaunti kan ti fòfin de ìyẹn náà nítorí CWD, àrùn tó ń ba ọpọlọ àgbọ̀nrín jẹ́ títí á fi kú. Ẹ wo ìwé òfin ọdẹ tọdún yìí.

Ìyá Ayọ̀, Denver: Ẹ kú àlàyé, sà. Ní Colorado náà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ dẹ àgbọ̀nrín tàbí elk, ìbátan rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ. Ìpínlẹ̀ wa yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn CWD, lọ́dún 1967. Itọ́ ẹran ló ń gbé e kiri, ẹ wá wo ibi tí agbo kan bá ti ń ki ẹnu bọ òkìtì àgbàdo kan ṣoṣo! Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, síse ò sì pa á. Wọn ò tíì rí ẹni tó kó o, ṣùgbọ́n èmi kì í gbé ẹran sínú fírísà mi títí àyẹ̀wò rẹ̀ á fi jáde. Orí ẹran tí àwọn ọkọ wa fẹ́ràn yẹn, kò wọ ìkòkò mi.

Káyọ̀dé: Ẹran tèmi gbọ́dọ̀ dé Houston o.

Bàbá Ìbejì: Torí àrùn yẹn, yọ gbogbo egungun rẹ̀ níbí, kó o wá kó ẹran sínú kúlà. Àti aṣọ àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yẹn, má gbàgbé ẹ̀ sílé. Láìsí i, o ò ní bá wa wọgbó.