"Àbọ̀ agbedeméjì" ni èmi fara mọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ìjíròrò. Orúkọ Yorùbá ni a ń wá fún ohun tí gírámà Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "indirect object", bíi "Sade" nínú "Musa gave Sade a book" (àbọ̀ ni "object"). Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kàdúná ní ká pè é ní "àbọ̀ olùgbà", torí pé òun ni nǹkan ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ní "àbọ̀ àìtààrà" ti tó. Ẹ má bínú, n kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ wo "Musa gave Sade a book" àti "Musa gave a book to Sade". Ṣadé ló gba ìwé nínú gbólóhùn méjèèjì. Tó bá jẹ́ ìtumọ̀ la fẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ, olùgbà ni níhìn-ín, olùgbà náà ni lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ gírámà ò kà wọ́n sí ohun kan náà: Ṣadé ti àkọ́kọ́ jẹ́ àbọ̀, àpólà-atọ́kùn (prepositional phrase) ni "to Sade". Àwọn ìwé gírámà àtijọ́ kan máa ń da méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n Huddleston àti Pullum, àwọn onímọ̀ gírámà Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé ńlá tí Cambridge tẹ̀ ní 2002, yọ irú "to Sade" kúrò lára "indirect object" pátápátá. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Kubwa l'Ábújá. WAEC á fa àpólà kan yọ, á ní kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ nínú gírámà àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọmọ tó bá ti há "olùgbà" sórí á kọ ọ́ síbi tí kò yẹ, máàkì á lọ.

"Àìtààrà" tilẹ̀ burú jù. Ọmọ tó bá gbọ́ "tààrà" á rò pé èyí tó súnmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ẹ tún gbólóhùn àkọ́kọ́ wò: Ṣadé tí wọ́n ní kò tààrà ló lẹ̀ mọ́ "gave" tímọ́tímọ́, ìwé tó tààrà wá jókòó sẹ́yìn!

Àwọn ọmọ tó gbọ́ Hausa ní àdúgbò wa kì í pẹ́ lóye ètò yìí. "Na ba Musa littafi" (mo fún Músá ní ìwé): Músá ló ṣáájú, ìwé tẹ̀ lé e. Tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá yí padà, "wa" á wọlé, "Na kawo wa Musa littafi" (mo mú ìwé wá fún Músá), síbẹ̀ Músá ò kúrò láyè rẹ̀. Yorùbá tiwa ló gba ọ̀nà mìíràn. "Músá fún Ṣadé ní ìwé": ìwé ni "ní" ń ṣíwájú, kì í ṣe ẹni tó gbà á. Ti "Músá ra ìwé fún Ṣadé", bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe ni "fún" yẹn tàbí atọ́kùn, ìjà àgbà ni, n kò ní dá sí i lónìí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé "fún" kan ṣoṣo yìí ló ń ṣiṣẹ́ "to" àti "for", òun ló sì ń jẹ́ kí n máa rí "She bought a bag to me" dípò "for me" nínú ìwé àwọn ọmọ.

Àbá tèmi ni "àbọ̀ agbedeméjì": àbọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ kejì, láìsí atọ́kùn. Orúkọ náà ti sọ bí a ṣe ń dá a mọ̀. Gbé ẹni náà sáàárín, kí o wò ó bóyá Gẹ̀ẹ́sì á gbà. "Cook me some rice", ó gbà. "Explain me the matter", ó kọ̀. Àfi "explain the matter to me". "Donate" náà kì í gbà.

Ẹnìkan á ní "Sade was given a book" ńkọ́, kò sí ẹni kankan láàárín mọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: Ṣadé ti di olùwà (subject), orúkọ àbọ̀ ti bọ́ lára rẹ̀. "Àbọ̀ olùgbà" nìyẹn á kó sí wàhálà, torí Ṣadé ṣì ń gba ìwé níbi tó ti jẹ́ olùwà. Ní ti "He told me", tí kò ní àbọ̀ kejì, àbọ̀ lásán ni màá pè é. Mo mọ̀ pé àwọn kan á yarí.