Ẹ́ńjìnnì Carina ni mo ní, mo fẹ́ fi kọ́ mọ́tò sípọ́ọ̀tù láti ilẹ̀, níbo ni kí n gbé e sí?

Wẹ́dà_Ouando (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Wẹ́dà ni mí, géètì, gíríìlì fèrèsé, àga onírin, ohun tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn ní àtẹlíyè mi tí kò jìnnà sí ọjà Ouando. Àmọ́ ó ti pẹ́ tọ́kàn mi ti ń fà sí nǹkan kan: mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kọ́ mọ́tò sípọ́ọ̀tù oníjókòó méjì. Mi ò sọ pé kí n ra mọ́tò kí n gé òrùlé ẹ̀ o, ṣásí gan-an, egungun mọ́tò, ni mo fẹ́ jó láti orí irin tútù.

Mo ti rí Toyota Carina E kan rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tú mọ́tò tà, ẹ̀yìn ẹ̀ ti rún pátápátá ṣùgbọ́n iwájú ẹ̀ pé, ẹ́ńjìnnì 1.6, jíà àfọwọ́yí, kádáǹ méjèèjì (ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀), gbogbo ẹ̀ wà ńbẹ̀. Ohun tó wá ń dà mí láàmú ni pé gbogbo irú mọ́tò tí mò ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó fara jọ Lotus Seven yẹn (mọ́tò sípọ́ọ̀tù kékeré ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì), iwájú ni ẹ́ńjìnnì wọn wà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sì ń ti mọ́tò lọ, Carina tèmi rèé, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà. Ṣé kí n wá jíà míì ni àbí kí n jẹ́ kó máa fà níwájú bẹ́ẹ̀? Irin wo ló sì yẹ kí n fi jó ṣásí? Ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ fẹ́yàwó o, màmá mi ti ń sọ ìyẹn láràárọ̀.

Bàbá_Mẹkáníìkì (Kétu)

Ọmọ mi, o káre. Má wá jíà kankan. Ẹ́ńjìnnì, jíà, kádáǹ, ẹsẹ̀, irin tó gbé wọn dúró, gbé gbogbo ẹ̀ lódindi wá sí ẹ̀yìn ìjókòó rẹ, ẹsẹ̀ tó ń fà tẹ́lẹ̀ ti di ẹsẹ̀ tó ń tì nìyẹn. Kì í ṣe àrà tuntun o. Fiat ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1972 nígbà tí wọ́n gbé X1/9 jáde, Toyota fúnra wọn sì ṣe é ní 1984 pẹ̀lú MR2, ẹ́ńjìnnì 1.6 inú MR2 yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ti Carina rẹ, 4A ni àwọn méjèèjì, orí ẹ́ńjìnnì ló yàtọ̀.

Àmọ́ gbọ́ mi dáadáa. Bó ṣe kọjú nínú Carina náà ni kó kọjú lẹ́yìn ìjókòó rẹ. Àwọn kan á ní àyè ò gbà á, wọn á yí i po kó dojú kọ ẹ̀yìn, ọjọ́ tí wọ́n bá wá ṣáná sí i ni wọn á rí i pé jíà márùn-ún làwọn ní láti fi rìn sẹ́yìn, ẹyọ kan ṣoṣo láti fi lọ síwájú 😂

Èkejì, ẹsẹ̀ yẹn ti mọ̀ ọ́n yí látijọ́, sitiárì ló ń yí i. Ní báyìí tó ti dé ẹ̀yìn, apá tí sitiárì fi ń tì í yẹn, fi ọ̀pá tó le dì í mọ́ ṣásí lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọ̀pá tí bóòtù ẹnu ẹ̀ ṣeé yí kó gùn sí i tàbí kó kúrú sí i, kó o lè fi to táyà gún. Tí ọ̀pá yẹn bá ní ìgbọ̀n díẹ̀ báyìí, ìdí mọ́tò á máa yà bó ṣe wù ú lójú títì.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù jù ni bíréèkì, ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ń kú sí. Tí mọ́tò bá fẹ́ dúró, gbogbo ìwúwo ẹ̀ máa ń wọ́ síwájú, ìdí nìyẹn tí bíréèkì iwájú fi ń tóbi ju tẹ̀yìn lọ. Ìwọ ti wá gbé èyí tó tóbi sẹ́yìn. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ nínú òjò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á kọ́kọ́ há, mọ́tò á sì yí bírí. Torí náà bíréèkì iwájú rẹ gbọ́dọ̀ tó ìwọ̀n yẹn tàbí kó jù ú lọ, kó o sì fi ẹ̀rọ tó ń dín agbára òróró kù sí páìpù tó lọ sẹ́yìn. Àti pé o ti ronú kan háńbíréèkì? Iwájú Carina ò ní, ẹ̀yìn tó rún yẹn ló ni ín. Àwọn kan á ní kó o lọ tú ti Citroën Xantia torí iwájú ni háńbíréèkì tiẹ̀ wà, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n LHM, òróró aláwọ̀ ewé ti Citroën yẹn, ni rọ́bà inú ẹ̀ mọ̀, tó o bá da DOT 4, òróró bíréèkì tó wọ́pọ̀, sí i, á jẹ rọ́bà náà run. Wá bíréèkì kékeré tó ń fi wáyà ṣiṣẹ́, fi lé etí díìsì (àwo irin tí bíréèkì ń fún mú) náà lọ́tọ̀, ìyẹn ló sàn jù.

Ọmọ_Dantokpa (Kútọnu)

Bàbá, ẹ forí jì mí, mi ò gbà. Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ kó wàhálà bá ọmọ ọlọ́mọ? Kó lọ wá Peugeot 504 kan tó ti gbó, ẹ́ńjìnnì wà níwájú, ẹ̀yìn ló ń tì, ó parí, kò sí pé à ń di sitiárì pa, kò sí pé à ń wá háńbíréèkì kiri. Lotus Seven tó ń sọ yẹn, láti 1957 ló ti wà, ilé iṣẹ́ Caterham gbà á lọ́wọ́ Lotus ní 1973, wọ́n ṣì ń tà á títí dòní, kí ló dé? Torí pé kò sí ìṣòro nínú ẹ̀ ni. Mọ́tò yẹn ò ju bíi kílò 500 lọ, Carina lódindi sì lé ní tọ́ọ̀nù kan, ẹ wá wò ó, ẹ́ńjìnnì kan náà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú takisí Carina, tó o bá gbé e sínú nǹkan tó fúyẹ́ tó báyìí, á máa fò ni. Kò dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá lágbára bíi ti Ferrari.

Bàbá_Mẹkáníìkì (Kétu)

Ọ̀rọ̀ ìfúyẹ́ yẹn, òótọ́ lo sọ, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ti 504, ṣé o ti tú abẹ́ ẹ̀ rí? Ọ̀pá tó gbé agbára lọ sẹ́yìn, inú páìpù ńlá kan ló wà. Tó o bá fẹ́ kó kúrú, wàá gé páìpù, wàá gé ọ̀pá inú ẹ̀, wàá jó méjèèjì kó gún régé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo mọ́tò á máa gbọ̀n. Àti pé èyí tó ṣì dáa nínú 504 lọ́dọ̀ wa níbí, àgbàdo ló ń kó, olówó ẹ̀ ò ní tà á fún ẹ.

Àdùkẹ́_Onírin (Ṣábẹ)

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ irin, torí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ṣásí.

Irin onígun mẹ́rin mílímítà 25 làwọn tó ń kọ́ irú Seven yẹn máa ń lò, tí nínípọn ẹ̀ jẹ́ bíi mílímítà 1.6, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ MIG, èyí tó ń fi wáyà jó irin, ni wọ́n fi ń jó o. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́kítíróòdù lẹ ní, ẹ̀ ń jó géètì, ẹ mọ bí irin fẹ́lẹ́ ṣe máa ń lu lójijì. Ẹ lọ sí nínípọn mílímítà 2, kẹ́ ẹ wá ẹlẹ́kítíróòdù irú 6013 tó jẹ́ mílímítà 2, ẹ fi 2.5 sílẹ̀. Mítà kan á fi bíi gíráàmù 300 wúwo sí i, tẹ́ ẹ bá lo mítà 40 kílò 12 péré ni, ìyẹn ò tó ìwúwo àpò ìrẹsì kékeré tẹ́ ẹ máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Kẹ́ ẹ tó gé irin kankan, ẹ fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ àti góòmù ṣe ṣásí yẹn ní kékeré, sẹ̀ǹtímítà 1 dípò sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ dì í mú níwájú àti lẹ́yìn kẹ́ ẹ lọ́ ọ. Ibi tó bá ti ń rọ̀, ẹ fi ọ̀pá dábùú ẹ̀ kó di onígun mẹ́ta, kẹ́ ẹ tún lọ́ ọ. Ẹnu ọ̀nà mọ́tò ló máa fún yín ní wàhálà jù torí ibẹ̀ ò ṣeé fi ọ̀pá dábùú, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọ fúnra wọn kì í fi ìlẹ̀kùn sí i, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ dá a kọjá. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń kọ́kọ́ fi ìgbálẹ̀ yẹn ṣeré, títí dìgbà tí wọ́n bá rí i pé ọ̀pá kan tí wọ́n fi kún un ti sọ gbogbo ẹ̀ di líle.

Tó bá di ti irin gidi, ẹ wá tábìlì tó tẹ́jú dáadáa, kẹ́ ẹ ya àwòrán sórí ẹ̀ ní ìwọ̀n ẹ̀ gan-an. Ẹ fi tó-tò-tó mú gbogbo ẹ̀ pọ̀ ná, ẹ ò gbọ́dọ̀ jó ojú kankan tán, ẹ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, tó bá dọ́gba kẹ́ ẹ wá máa jó o díẹ̀díẹ̀, ẹ jó apá ọ̀tún, kẹ́ ẹ fò lọ sí òsì, kẹ́ ẹ pa dà síwájú. Ẹni tó bá jókòó sójú kan tó jó o tán, irin á ti fà á wọ́. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀rọ ìlọ-irin lọ ojú wẹ́dà kó lè rẹwà o, agbára ẹ̀ lẹ̀ ń lọ dànù yẹn. Ẹ lọ ti géètì.

Rédíétọ̀ á wà níwájú, ẹ́ńjìnnì á wà lẹ́yìn, páìpù omi gígùn lá wà láàárín. Ẹ fi ibi tí afẹ́fẹ́ á ti máa jáde sí ojú tó ga jù lára páìpù yẹn, torí tí afẹ́fẹ́ bá há síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á gbóná nígbà tí rédíétọ̀ ṣì tutù, ẹ ò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kí páànù sì wà láàárín ìjókòó àti ẹ́ńjìnnì, kó dí pa, nítorí iná.

Wẹ́dà_Ouando (Àjàṣẹ́)

Haa, ẹ ṣé gan-an ni, mo ti ní kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi lọ ra ìgbálẹ̀ 😅 Ọ̀nà Bàbá ni màá tọ̀. Ohun tí mo wá rò ni pé kí n ra iwájú Carina míì kí n fi ẹsẹ̀ àti bíréèkì ẹ̀ ṣe iwájú tèmi, sitiárì náà á ti wà ńbẹ̀, bíréèkì níwájú lẹ́yìn á wá rí bákan náà, màá kàn yọ kádáǹ kúrò níwájú torí kò ní fa nǹkan kan mọ́. Ìwé ńkọ́? Ṣé wọ́n á fún mi ní nọ́ńbà?

Ọmọ_Dantokpa (Kútọnu)

Ti ìwé, kó o tó jó ohunkóhun, gba ANaTT lọ, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìrìnnà ojú ilẹ̀, bi wọ́n lẹ́nu, sọ fún wọn pé mọ́tò tí kò ní nọ́ńbà ṣásí láti ilé iṣẹ́ ni. Tọ́jú gbogbo ìwé Carina méjèèjì, ti kọsítọ́ọ̀mù pàápàá, àti rìsíìtì irin tó o rà, kó o máa ya fọ́tò bó o ṣe ń ṣe é lọ. Mi ò tíì fara mọ́ ọn pé kó má jẹ́ 504 o, ṣùgbọ́n tó o bá kọ́ ọ tán, èmi ni kó o kọ́kọ́ gbé.

Bàbá_Mẹkáníìkì (Kétu)

Dúró, má yọ kádáǹ yẹn bẹ́ẹ̀! Bíárìn ẹsẹ̀ iwájú yẹn, orí kádáǹ tó gba inú ẹ̀ kọjá, tí nọ́ọ̀tù ńlá fún, òun ló dì í mú. Tó o bá fà á yọ pátápátá, bíárìn á tú lórí eré, táyà á sì ṣáájú ẹ délé. Gé ọ̀pá kádáǹ náà kúrò, fi orí ẹ̀ tó wà nínú ẹsẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, kó o fún nọ́ọ̀tù ẹ̀ bó ṣe yẹ. Ní ti bíréèkì, níwọ̀n bí iwájú àti ẹ̀yìn ti wá bára dọ́gba, ẹ̀rọ tó ń dín òróró kù yẹn di dandan, torí ẹ̀yìn ò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ há. Tó o bá ti to ìgbálẹ̀ rẹ tán, gbé fọ́tò ẹ̀ síbí kí Àdùkẹ́ bá ẹ wò ó.