Malícia nínú capoeira: ṣé "ẹ̀tàn" tó o?

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹni tó ní ká túmọ̀ malícia, ọ̀rọ̀ Potogí tí àwọn eléré capoeira (eré ìjà àti ijó ilẹ̀ Brazil) fi ń pe ọgbọ́n inú eré wọn, sí "ẹ̀tàn" gbìyànjú, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló mú.

Ẹ wo chamada, tí mo fẹ́ ká máa pè ní "ìpè", nínú capoeira Angola, ẹ̀yà capoeira tí Mestre Pastinha (1889–1981) fi kọ́ni ní ìlú Salvador ní Brazil. Eléré kan á ṣàdéédé dúró láàárín agbo, á na apá méjèèjì bí ẹni fẹ́ dì mọ́ ọ. Ìkejì kò gbọdọ̀ já wọlé. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò sún mọ́ ọn, apá kan á máa bo ojú, torí ẹni tó pè é lè fi orí kàn án láyà. Tí àtẹ́lẹwọ́ bá kan àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á jọ rìn síwá, rìn sẹ́yìn, títí apeni á fi júwe ọ̀nà àbájáde. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á rò pé ó ti parí, wọ́n á gbójú kúrò.

Ẹni tó pè ń tanni. Kí wá ni ẹni tí wọ́n pè ń ṣe? Ó ń fura, ìfura sì loògùn àgbà. Malícia kó méjèèjì pọ̀. "Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́" gbà á. "Àlùmọ̀kọ́rọ́yí" ti sún mọ́ jìbìtì jù.

Mo tún dábàá "ìgbálẹ́sẹ̀" fún rasteira, ọ̀nà tí eléré ń gbà fi ẹsẹ̀ gbé ẹnìkejì ṣubú.

—

Mo fara mọ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, rasteira kì í ṣe gbígbá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ẹnìkejì, tí wọ́n á sì fà á, nígbà tí ìkan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà lókè tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà lórí èyí tó kù. Ẹni tó bá gbá a, ara rẹ̀ ló máa ṣe léṣe, onítọ̀hún á sì wà ní ìdúró. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ṣì wà nílẹ̀, fífà gan-an kò ní ràn án. "Ìfẹsẹ̀kọ́" ni tèmi. Ẹ má sì pè é ní "ìkọsẹ̀" o, ìyẹn ni ti ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọ òkúta.

Ti mandinga ńkọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn tí eléré capoeira ń lò fún ọgbọ́n àti oògùn? Orúkọ àwọn Mandinka, ẹ̀yà kan ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ló ti wá, wọ́n sì fi pe àpò kékeré tí àwọn ẹrú ń so mọ́ra, tí ìwé àdúrà máa ń wà nínú rẹ̀. Ṣé "tírà" kọ́ nìyẹn?