“Sẹ́ẹ̀lì ìtì” kọ́ o: ìyá ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń dí

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé pẹlẹbẹ fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde bi wá ní nǹkan méjì: kí ni ká pe stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ti ń jáde, ṣé “iṣan dídí” sì tó fún gbogbo àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀? “Sẹ́ẹ̀lì ìtì” ni wọ́n dábàá. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, n kò fara mọ́ ọn.

Igi tó ti wó ni à ń pè ní ìtì. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tó ohun à ń pọ́n àdá sí, ṣé orúkọ rẹ̀ la ó wá fún ohun tó ń bí ẹ̀jẹ̀ wa? Gẹ̀ẹ́sì ló wo igi, torí ara igi ni stem wọn. Ẹ jẹ́ kí àwa wo iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe nínú mùdùnmúdùn egungun. Ó ń bí ọmọ tí kò jọ ara wọn: pupa tó ń gbé atẹ́gùn kiri, funfun tó ń bá àrùn jà, àti èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. Ó sì tún ń bí irú ara rẹ̀, kí ìdílé má baà parẹ́. Ní Toronto, ní Kánádà, lọ́dún 1961 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, James Till àti Ernest McCulloch, rí kókó kéékèèké tó hù nínú eku tí wọ́n gbin mùdùnmúdùn sí lára. Ẹ̀yìn náà ni ó hàn pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bí odindi kókó kan.

“Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀” tí ẹnì kan mú wá sàn ju ìtì lọ, àmọ́ ìpìlẹ̀ kì í bímọ. “Sẹ́ẹ̀lì ìyá” bímọ. Ti bíbí ara ẹni padà ńkọ́? Yétúndé ló wá sí mi lọ́kàn. Mo rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín. “Àtúnbí” ì bá dára, ṣọ́ọ̀ṣì ti gbà á. Nítorí náà, “sẹ́ẹ̀lì ìyá” ni mo dìbò fún, ká wá fi gbólóhùn kan tì í: ó ń bí ọmọ, ó sì ń bí ara rẹ̀.

Kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Bìrìtéènì fọwọ́ sí ìtọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde tí wọ́n ń pè ní Casgevy. Wọ́n á fa sẹ́ẹ̀lì ìyá jáde lára aláìsàn, wọ́n á gé ibì kan nínú jíìnì rẹ̀, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, kí ó lè padà máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọlẹ̀ ń lò nínú ikùn, wọ́n á sì dá a padà. Òbí á béèrè pé kí ló dé tí wọn kò tún sẹ́ẹ̀lì pupa fúnra rẹ̀ ṣe. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti dàgbà kò ní jíìnì tí a ó gé. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ló ń lò láyé, ti aláìsàn yìí kì í sábà ju 10 sí 20 lọ. Ẹ kọ “ìyá” síbẹ̀, òbí náà á ti dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ó ku iṣan. Ẹnì kan ní inú “ṣàn” ló ti wá. Ohùn kò gbè é: ìṣàn ni ti omi, iṣan ni tiwa, èyí tó sì ń fà wá lẹ́sẹ̀ lóru, iṣan náà ni. Ẹ jẹ́ ká máa kọ “iṣan ẹ̀jẹ̀” tán pátápátá. “Páìpù ẹ̀jẹ̀” ni n kò fẹ́ gbọ́. Nínú ọlẹ̀, lára ògiri iṣan ńlá tó ti ọkàn wá ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá ti ń jáde, kí wọ́n tó lọ sí ẹ̀dọ̀, kí wọ́n tó wá wọ egungun. Páìpù wo ló ń bí omi?

“Dídí” bá fòníkú-fọ̀ladìde mu: sẹ́ẹ̀lì pupa á tẹ̀ bíi dòjé, á le, á lẹ̀ mọ́ ògiri, á há ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ti ọ̀rá tó ń fa àìsàn ọkàn yàtọ̀. Tí ẹ bá ní “dídí”, gọ́tà tí ìdọ̀tí kún ni èèyàn á rò. Inú ògiri gan-an ni ọ̀rá náà ń wọ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun á tẹ̀ lé e wọlé láti jẹ ẹ́, wọ́n á kú síbẹ̀, ògiri á wú. Ọjọ́ tí ojú rẹ̀ bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ìgbà náà ni ọ̀nà ń dí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má fún púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo dábàá “kíkẹ̀ ògiri iṣan”, bí egbò ṣe ń kẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní kíkẹ̀ ń rùn, ó sì ń ṣoyún. Òótọ́ ni. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tó wà láàárín wa, kí lẹ máa ń sọ fún ìyá arúgbó tó bá béèrè lọ́wọ́ yín?