Òṣùwọ̀n eré lọ̀tọ̀, òǹkà ìrìn lọ̀tọ̀

Wọ́n ti dábàá "aṣèwọ̀n-ìyára" bí orúkọ Yorùbá fún mítà tó wà níwájú awakọ̀ (speedometer). Ẹni tó dá a lábàá gbìyànjú, àmọ́ mi ò bá a lọ. Ọkọ̀ lè yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, a ní ó ń sáré. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó ń kìlọ̀ fáwọn awakọ̀, "eré àsápajúdé" ni wọ́n ń wí, kò sì sẹ́ni tó ń rò pé eré ọmọdé ni. Eré ni kó wà nínú orúkọ náà.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé orúkọ kan ṣoṣo là ń wá fún nǹkan méjì. Lẹ́yìn gíláàsì kan náà, ọwọ́ kan ń tọ́ka sí eré tí ọkọ̀ ń sá lọ́wọ́. Àwọn nọ́ńbà kan sì ń ka gbogbo ọ̀nà tó ti rìn látìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Mo dábàá òṣùwọ̀n eré fún ti àkọ́kọ́, òǹkà ìrìn fún èkejì. Ẹ gbé Peugeot 504 àtijọ́ lọ bá mẹkáníìkì, kẹ́ ẹ ní "mítà mi ò ṣiṣẹ́". Bó bá mọṣẹ́, á bi yín pé ṣé nọ́ńbà náà dúró, àbí ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ò gbéra.

Wáyà kan ló ń yí láti gíábọ́ọ̀sì wá sẹ́yìn mítà. (Ti Volkswagen ìjàpá yàtọ̀: àárín táyà iwájú lápá òsì ni tirẹ̀ ti ń yí.) Bí méjèèjì bá kú pọ̀, ó ṣeé ṣe kí wáyà ti já, tàbí kí gíà kékeré tó ń yí i ti jẹ. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí nǹkan ń han lẹ́yìn mítà, wáyà ti gbẹ nìyẹn, tàbí ó ti tẹ̀ kọ́rọ́ níbì kan. Ẹ fà á yọ, ẹ nù ún, ẹ fi gírísì pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá pọ̀ jù, inú mítà ló máa gùn lọ. Àmọ́ bí òǹkà bá ń kà tí ọwọ́ sùn, wáyà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Inú mítà ni kí wọ́n tú. Mágínẹ́ẹ̀tì kan ló ń yí níbẹ̀, tó ń fa ife alumíníọ̀mù tí kò fara kàn rárá, sípíríǹgì tín-ín-rín sì ń dá a padà. Otto Schulze, ará Jámánì, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yẹn ní 1902. Bí ọwọ́ bá sì ń ṣiṣẹ́ tí òǹkà dúró, ẹ wo àwọn gíà oníke inú òǹkà: eyín wọn sábà máa ń ká.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "mítà" ti tó, mítà iná ńkọ́? Ti ilé epo ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá sì fi táyà tó ga ju ti àtilẹ̀wá lọ sẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ọwọ́ á máa fi eré tó dín hàn yín: òṣùwọ̀n èké gan-an nìyẹn, a ò ní láti dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀. Oníjìbìtì tó sì ń dá nọ́ńbà tòkunbọ̀ padà sẹ́yìn kó tó tà á, òǹkà ìrìn ló fọwọ́ kàn, kò débi òṣùwọ̀n eré.

Ní ti ohun tó rọ́pò wáyà lára gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ ìgbàlódé, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná ròyìn eré ọkọ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ní sẹ́ńsọ̀. Rìwáyà ló máa tú u, bó sì ṣe ń pè é nìyẹn.